Luther King ló ní kó má fiṣẹ́ sílẹ̀: Ìtàn Nichelle Nichols, òṣèré tẹlifíṣọ̀n tó ké sí àwọn obìnrin pé kí wọ́n wá sójú sánmà

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Nichelle Nichols mú lẹ́tà dání wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀. Kò bá a jà, kò sì pariwo. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà kò ju pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Òṣèré tẹlifíṣọ̀n ni obìnrin náà, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, Star Trek sì ni wọ́n ń pe eré tó ń ṣe nígbà náà. Sáà àkọ́kọ́ eré ọ̀hún ló ń parí lọ. Gene Roddenberry, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í pamọ́, ó ní kó lọ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú rò ó dáadáa, kó padà wá rí òun lọ́jọ́ Ajé.

Kí ọjọ́ Ajé tó pé, ẹnì kan bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ níbi àpèjẹ kan. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn rárá, ṣùgbọ́n òun ló yí ìpinnu rẹ̀ padà. Alùfáà Martin Luther King ni ẹni náà, aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Títí tí Nichelle fi dàgbà dàrúgbó, kò yéé sọ ìtàn ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ọmọ ìlú tó ń ṣèjọba ara rẹ̀

Ọjọ́ 28, oṣù kejìlá, ọdún 1932 ni wọ́n bí Nichelle ní ìlú Robbins, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ìlú kékeré ni Robbins, kò jìnnà sí Chicago, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà kò ní láyé ìgbà náà. Láti ọdún 1917 tí Robbins ti di ìlú tó dá dúró lábẹ́ òfin, àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ló ń ṣèjọba níbẹ̀. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà lásìkò yìí, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọn kò jẹ́ kó dìbò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí wọ́n dìbò fún un.

Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni bàbá rẹ̀, Samuel Nichols, àwọn ará Robbins sì yàn án ṣe olórí ìjọba ìlú wọn. Lishia ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé aláwọ̀ dúdú lè jókòó sórí àga àṣẹ. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i nínú ilé bàbá rẹ̀.

Grace Dell ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tó gbọ́njú, ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé orúkọ náà kò bá òun lára mu. Wọn kò bínú sí i, ìyá rẹ̀ ló fún un ní Nichelle. Báyìí ni Grace ṣe di Nichelle, orúkọ tí gbogbo ayé wá fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Chicago, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ijó, pàápàá irú ijó àwọn òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ballet, èyí tí aláwọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀ nídìí rẹ̀ nígbà náà. Ó ní ohùn orin pẹ̀lú. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti bá Duke Ellington ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn olórin tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó bá ẹgbẹ́ Ellington àti ẹgbẹ́ Lionel Hampton rìnrìn-àjò kiri, ó ń kọrin, ó sì ń jó.

Ọdún 1951 ló ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú oníjó kan, Foster Johnson. Ọdún náà ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Nichelle bí, Kyle, ọdún náà náà sì ni ìgbéyàwó ọ̀hún dàrú. Bí ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ṣe di ìyá tó ń dá tọ́mọ nìyẹn, tó sì tún ń kọrin kiri láti ìlú dé ìlú kí oúnjẹ lè dé ẹnu ọmọ. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ lóun nìkan mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tó yá, Kyle náà di òṣèré, òun ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn fíìmù The Learning Tree, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1969.

Nichelle jó nínú fíìmù Porgy and Bess lọ́dún 1959, ṣùgbọ́n wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣèré. Lẹ́yìn èyí ló bá Roddenberry pàdé. Ọ̀gbẹ́ni náà ń ṣe eré kan nípa àwọn ọmọ ogun, The Lieutenant ni wọ́n ń pè é, Nichelle sì kópa nínú apá kan tó dá lórí ẹ̀tanú láàárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó yẹ kó gbé apá náà sáfẹ́fẹ́ lọ́dún 1964 kọ̀, wọn kò gbé e jáde. Àmọ́ Roddenberry kò gbàgbé obìnrin náà.

Orúkọ tó wá láti Áfíríkà

Ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966 ni Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NBC. Eré náà dá lórí ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Enterprise, tó ń rìn káàkiri àárín àwọn ìràwọ̀ lójú sánmà, ní nǹkan bí 300 ọdún sí ìgbà tí wọ́n ń ṣe é. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe ọkọ̀ náà nìkan, àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni. Òyìnbó wà níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà wà níbẹ̀. Nígbà tó tún yá, wọ́n mú ará Rọ́ṣíà wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń bára wọn ṣọ̀tá lọ́wọ́ nígbà náà ni. Aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, obìnrin sì ni.

Nígbà tí Nichelle lọ fún àyẹ̀wò, ìwé ìtàn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kà, Uhuru ni àkọlé rẹ̀. Ní èdè Swahili ti ìlà oòrùn Áfíríkà, òmìnira ni uhuru. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Roddenberry, wọ́n wá yí i díẹ̀ sí Uhura, wọ́n fi ṣe orúkọ ẹni tí Nichelle máa ṣe. Wọ́n ní ọmọ Áfíríkà ni Uhura, èdè Swahili sì ni èdè abínibí rẹ̀. Ipò ọ̀gá ni wọ́n fi í sí nínú ọkọ̀ náà, òun ló ń bójú tó gbogbo ìbánisọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń ránṣẹ́, òun ló máa gbọ́. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá fẹ́ bá ọ̀tá sọ̀rọ̀, òun ló máa là á lọ́nà.

Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ yìí lónìí lè ní kí ló wá ṣe pàtàkì níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. Ọdún 1964 ni wọ́n ṣòfin tó ní kí wọ́n má ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ mọ́ ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣe èyí tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn láti dìbò. Eré náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí aláwọ̀ dúdú obìnrin bá fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe. Beulah, eré kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, orúkọ obìnrin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi pè é, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbọ́únjẹ fún ìdílé òyìnbó sì lobìnrin náà. Lójijì, Uhura dé. Kò gbé abọ́, kò nu ilẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, àwọn òyìnbó sì ń dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Ohun tó bí lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì

Bí eré náà ṣe dára tó lójú òǹwòran, inú Nichelle kò dùn. Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Beyond Uhura, tó jáde lọ́dún 1994, àti nínú ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ gidi fún Uhura, kí wọ́n tó ya eré náà tán, wọn á ti gé e kù. Lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo iṣẹ́ tó máa ṣe kò ju kó sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ti ṣí sílẹ̀. Kò ní àdéhùn tó dúró bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, iye ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Ó ní àwọn kan níbi iṣẹ́ máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí òun nítorí àwọ̀ òun. Èyí tó dùn ún jù ni ti lẹ́tà. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ fún un, àfìgbà tí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó lẹ́tà sí ta á lólobó.

Yàtọ̀ sí èyí, orí ìtàgé ló wù ú. Ó ti kọrin, ó ti jó, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n mọ òun ní Broadway ní New York, níbi tí àwọn àgbà òṣèré orí ìtàgé ti ń gbayì. Wọ́n sì ti ń pè é síbẹ̀. Ta ló máa bá a wí pé ó fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti máa jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe? Bí lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì ṣe wáyé nìyẹn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà ló lọ síbi àpèjẹ ìkówójọ kan tí ẹgbẹ́ NAACP ṣe, ẹgbẹ́ tó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú láti ọdún 1909. Ẹnì kan wá bá a níbi tó jókòó sí, ó ní olólùfẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ rí i. Ó dìde, ó rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn eré ni. Nígbà tó máa wẹ̀yìn, Luther King ló rí tó ń bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Gẹ́gẹ́ bí Nichelle ṣe sọ ọ́, King sọ fún un pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀, àti pé Star Trek nìkan ni eré tí òun àti ìyàwó òun, Coretta, ń jẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn jókòó wò bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ṣú. Nichelle dúpẹ́, ó wá sọ fún un pé ó ń dun òun pé òun máa fi eré náà sílẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú King. Ó ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé ipa tó ń kó kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú, kì í sì í ṣe ti obìnrin, ipa ẹni tó mọṣẹ́ ni. Bó bá lọ, wọ́n lè fi ẹnikẹ́ni dí àyè náà, ìlẹ̀kùn tó ti ṣí á sì padà tì. Ó ní fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ayé ń rí àwọn aláwọ̀ dúdú bó ṣe yẹ kí wọ́n máa rí wọn.

Ẹnu Nichelle wọhò. Ó ti ń ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kù fún un, kò mọ̀ pé àwọn kan wà nílé wọn tó jẹ́ pé ìjókòó rẹ̀ síbẹ̀ lásán ti tó wọn. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sọ́dọ̀ Roddenberry, ó sọ ohun tí King sọ, ó ní bí ọ̀gá òun bá ṣì ń fẹ́ òun, òun ò lọ mọ́. Ó ní omijé bọ́ lójú ọ̀gbẹ́ni náà. Lẹ́tà tó fi pamọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti fà á ya.

Ìfẹnukonu tó kó jìnnìjìnnì bá wọn

Ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, ọdún 1968 ni wọ́n yìnbọn pa Luther King ní ìlú Memphis. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 22, oṣù kọkànlá, wọ́n gbé apá kan Star Trek sáfẹ́fẹ́ tí ìwé ìtàn tẹlifíṣọ̀n kò gbàgbé. Plato's Stepchildren ni wọ́n pè é. Nínú rẹ̀, àwọn alágbára kan fi agbára wọn mú Uhura àti ọ̀gá ọkọ̀, Kirk, pé kí wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Òyìnbó ni William Shatner tó ṣe Kirk. Ọ̀kan lára àwọn ìfẹnukonu àkọ́kọ́ láàárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú nínú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ará gúúsù máa bínú. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé òfin tó ní kí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú má fẹ́ra. Nígbà náà, ìpínlẹ̀ 16 ló ṣì ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn eré náà, Nichelle ní púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló jẹ́ ìyìn. Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù nítorí wọn kò bínú tó bí wọ́n ṣe rò.

Oṣù kẹfà, ọdún 1969 ni NBC dáwọ́ eré náà dúró, lẹ́yìn apá 79. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù keje, ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin òyìnbó ni gbogbo àwọn tó rìnrìn-àjò náà.

Ó lọ bá NASA níbi tọ́rọ̀ wà

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìgbà tí eré bá parí ni òkìkí òṣèré ń parí. Ti Nichelle kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n káàkiri tún ń ṣe eré náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n máa ń ṣe ìpàdé ńláńlá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn-àjò ojú sánmà, máa ń wá síbẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Nichelle jókòó gbọ́ wọn. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n ń fi hàn, kò rí ẹni tó jọ ọ́.

Ohun tó fà á kò fara sin. Nígbà tí NASA kọ́kọ́ yan àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà lọ́dún 1959, wọ́n ní kìkì awakọ̀ bàálù ológun tó ń dán bàálù tuntun wò làwọn máa gbà. Ìjọba kì í sì í gba obìnrin sídìí iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ará Rọ́ṣíà ti rán obìnrin kan, Valentina Tereshkova, lọ sójú sánmà láti oṣù kẹfà ọdún 1963.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1970, NASA ń kan ọkọ̀ tuntun tó lè lọ kó sì padà, tó lè gba ènìyàn bíi méje. Wọn kò nílò awakọ̀ nìkan mọ́, wọ́n ń wá dókítà, ẹnjiníà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní ìlẹ̀kùn ti ṣí fún tọkùnrin tobìnrin, funfun àti dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin àti àwọn aláwọ̀ dúdú kò wá bí wọ́n ṣe rò. Nichelle kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ fún wọn. Ó ní àwọn tó kúnjú ìwọ̀n ti kọ̀wé sí wọn sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì lé wọn padà, ta ló wá máa gbà wọ́n gbọ́?

NASA bẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1977 pé kó bá àwọn pe àwọn ènìyàn náà wá. Ó gbà, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀: bí òun bá kó àwọn tó mọ̀wé wá, tó wá jẹ́ pé ọkùnrin òyìnbó nìkan ni wọ́n tún mú, ilé ẹjọ́ ló máa bá òun àti àwọn lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ó wọ aṣọ iṣẹ́ NASA aláwọ̀ búlúù, ó sọ̀rọ̀ nínú fíìmù ìpolongo, ó wọ bàálù láti yunifásítì kan dé òmíràn, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ẹgbẹ́ obìnrin. Àwọn tó rí i kò rí òṣìṣẹ́ ìjọba, Uhura ni wọ́n rí. Nígbà tí àkókò pé, ìwé tó dé ọwọ́ NASA lé ní 8,000. Èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin nìkan lé ní 1,000.

Oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1978 ni wọ́n ka orúkọ àwọn 35 tí wọ́n mú. Obìnrin 6 ló wà nínú wọn, aláwọ̀ dúdú 3, àti ẹnì kan tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà. Kò sí irú rẹ̀ rí. Lára wọn ni Sally Ride, tó di obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ lójú sánmà ní oṣù kẹfà, ọdún 1983. Lára wọn ni Guion Bluford, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Àwọn tí wọ́n tún mú lọ́dún 1980 ní Charles Bolden nínú, aláwọ̀ dúdú tó wá di ọ̀gá àgbà NASA láti 2009 sí 2017.

Ayọ̀ náà kò ṣàì ní ìbànújẹ́ nínú. Ọjọ́ 28, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger gbiná lófurufú ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra. Ènìyàn méje ló bá a lọ, mẹ́rin nínú wọn sì wà lára àwọn 35 ọdún 1978. Judith Resnik wà níbẹ̀, Ronald McNair tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, Ellison Onizuka tí àwọn òbí òbí rẹ̀ wá láti Japan náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Dick Scobee tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. Ẹni tó bá ti ké sí ọmọ ọlọ́mọ pé kó wá síbi iṣẹ́ ńlá, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í fò ó dá. Síbẹ̀, Nichelle kò dákẹ́ lórí NASA, ó ṣì ń bá wọn polongo.

Àwọn ọmọdé tó ń wò ó

Nígbà tí Uhura wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọbìnrin kékeré kan wà ní Chicago tó ń wò ó, Mae Jemison ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé ẹnjiníà, ó kàwé dókítà, ó sì ṣiṣẹ́ ìlera ní Liberia àti Sierra Leone. Ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1992, ó wọ ọkọ̀ Endeavour, ó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ojú sánmà. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ Uhura ló máa kọ́kọ́ sọ, pé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Nichelle kà sí iṣẹ́ tí kò tó nǹkan, ó ti dé ojú sánmà gidi.

Ọmọbìnrin mìíràn wà ní New York tó sáré pe ìyá rẹ̀ nígbà tó rí Uhura, ó ní kó wá wo obìnrin aláwọ̀ dúdú lórí tẹlifíṣọ̀n tí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Whoopi Goldberg ni ọmọ náà, tó di àgbà òṣèré. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ Star Trek tuntun, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun láyè, ó sì kópa nínú rẹ̀ láti 1988.

Nichelle fúnra rẹ̀ ṣe Uhura nínú fíìmù 6, láti 1979 títí di 1991. Ó ń ṣe àwọn eré mìíràn pẹ̀lú, ó sì ti lé ní 80 ọdún nígbà tó kópa nínú eré The Young and the Restless lọ́dún 2016. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, àìsàn rọpárọsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kọ lù ú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, NASA fi bàálù ńlá kan gbé e lọ sókè, bàálù tí wọ́n gbé awò ìwo-ìràwọ̀ sí, ìyá arúgbó náà sì jókòó láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wo ìràwọ̀.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọgbọ títí dé òpin. Lọ́dún 2018, ìròyìn jáde pé àìsàn ìgbàgbé ti mú un. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀ di ti ilé ẹjọ́, kó tó wá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, Kyle. Ọmọ tó fi orin àti ijó tọ́ lóun nìkan ló wá di alábòójútó rẹ̀. Ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 2022 ló dákẹ́ ní Silver City, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ẹni ọdún 89 ni.

Ìtàn rẹ̀ kò tíì parí síbẹ̀. Ọjọ́ 8, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ọkọ̀ Vulcan gbéra láti Cape Canaveral ní Florida. Díẹ̀ lára eérú òkú Nichelle wà nínú ẹrù tó gbé lọ, pẹ̀lú ti Roddenberry, ọ̀gá tó fa lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì ya. Pákó àti ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ tó jókòó sí nígbà tó ń ṣe Uhura, kò sì kúrò lójú kan rí. Èyí tó gbé e lẹ́ẹ̀kejì yìí gbéra ní tòótọ́, ó kọjá òṣùpá, kò sì ní padà.